Egungun Ẹlẹgẹ́: Bí Àwọn Àgbà Wa Ṣe Lè Máa Rìn, Kí Wọ́n sì Máa Kírun Láìfarapa Nínú Ilé

  

Nínú Súúrà Maryam, ní āyà kẹrin, Ànábì Sakariyáù ké pe Olúwa rẹ̀. Nígbà tí ó ń ròyìn ogbó ara rẹ̀, egungun rẹ̀ tí ó ti di aláìlágbára ni ó kọ́kọ́ mẹ́nu bà, kí ó tó wá kan ewú orí. Àwa a máa rí ewú kíákíá, ṣùgbọ́n egungun wà nínú, a kì í rí i títí di ọjọ́ tí yóò fi kán. Òun ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí: àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní osteoporosis, tí àwa yóò máa pè ní egungun ẹlẹgẹ́.

Egungun kì í ṣe igi gbígbẹ. Ohun alààyè ni. Ara ń wó èyí tí ó ti gbó nínú rẹ̀, ó sì ń mọ tuntun dípò rẹ̀, bí ìgbà tí bíríkìlà ń tún ògiri ṣe. Títí ènìyàn yóò fi tó nǹkan bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún, mímọ ni ó ń borí. Lẹ́yìn náà ni wíwó yóò bẹ̀rẹ̀ sí borí díẹ̀díẹ̀, àti pé lára obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, ó máa ń yára gan-an fún ọdún mélòó kan. Nígbà tí ó bá pẹ́, egungun á dà bí igi tí ikán ti jẹ inú rẹ̀ tí èèpo rẹ̀ ṣì ń dán.

Àwọn kan a máa sọ pé àìsàn òyìnbó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn oníwádìí tí wọ́n ṣiṣẹ́ láàrin àwọn ìyá àgbà ní ìgbèríko Gambia gbé ìwé jáde ní ọdún 1996, wọ́n ní ohun tí ó wà nínú egungun àwọn ìyá náà kéré, ṣùgbọ́n kíkán egungun ṣọ̀wọ́n láàrin wọn. Ẹ ò rí i pé awọ dúdú kò ní kí egungun má fúyẹ́! Ìyá oko sì ni àwọn wọ̀nyẹn o. Ìyá tí ó ń gbé ní Ajílọ́sùn tàbí Bàsírí lónìí, tí ọ̀kadà ń gbé lọ sọ́jà, tí ó ń rìn lórí táìlì tí ń yọ̀, ti yàtọ̀ sí ìyá tirẹ̀ tí ó ń fẹsẹ̀ rin oko lójoojúmọ́.

Ta ni ó yẹ kí ó fura jù? Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ tètè dúró, ẹni tí ó tín-ín-rín, ẹni tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ti kán egungun ìbàdí rí, ẹni tí ó ń mu sìgá tàbí ọtí, àti ẹni tí ó ti pẹ́ lórí oògùn bíi prednisolone. Àwọn tí ó ń ra dexamethasone ní kẹ́mísì láìsí ìwé dókítà, nítorí kí ara wọn lè sanra, ẹ jọ̀wọ́, egungun yín ni ẹ ń tà. Ṣùgbọ́n ẹni tí dókítà fún ní irú oògùn yẹn kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀ lójijì, ewu wà nínú ìyẹn náà. Ẹ wo ìró Màmá pẹ̀lú. Bí ìró tí ó máa ń dúró sí ọrùn ẹsẹ̀ bá ti ń wọ́ nílẹ̀, ìró kò gùn sí i, Màmá ni ó ń kúrú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Tí wọ́n bá ti sọ ní ọsibítù pé egungun Màmá ti di ẹlẹgẹ́, ohun tí àwa ọmọ máa ń ṣe ni pé, "Màmá, ẹ jókòó jẹ́jẹ́. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan." Ìfẹ́ ni, a mọ̀. Ṣùgbọ́n egungun tí a kò lò, ara á gbà pé a kò fẹ́ ẹ mọ́. Àwọn tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ lọ sí òfurufú, níbi tí ara kò ti wúwo, ọ̀dọ́ alágbára ni wọ́n, síbẹ̀ egungun ìbàdí wọn ń dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Kí wá ni ti ìyá ẹni àádọ́rin ọdún tí a fi sórí àga láti àárọ̀ dalẹ́? Iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọ, ọjọ́ tí ó bá sì dìde ni yóò ṣubú.

Ìdàkejì rẹ̀ náà kò dára. Ní ọdún 1984, Sinaki àti Mikkelsen ní Mayo Clinic, Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa obìnrin 59 tí egungun ẹ̀yìn wọn ti di ẹlẹgẹ́. Nínú àwọn tí wọ́n ń ṣe eré ìdárayá títẹ ẹ̀yìn síwájú, 89 nínú ọgọ́rùn-ún ni eegun ẹ̀yìn wọn tún fọ́ sí i. Nínú àwọn tí wọ́n ń na ẹ̀yìn sẹ́yìn, 16 péré ni. Àwọn tí kò ṣe ohunkóhun, 67. Obìnrin náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ yé wa: ìtẹ̀síwájú tí ẹ̀yìn ká bí ọrun ni ọ̀tá, pàápàá tí ènìyàn bá tún yí ara sí ẹ̀gbẹ́ kan tàbí tí ó gbé ẹrù.

Ẹ wá wo iṣẹ́ ilé tiwa. Ìgbálẹ̀ kúkúrú, ẹ̀yìn ká. Fífa omi kànga, ẹ̀yìn ká. Gbígbé garawa omi láti ilẹ̀ kọjá sórí, pípọn ọmọ-ọmọ. Àti iyán! Ara Èkìtì kò ní gbọ́ pé kí á má jẹyán, àwa náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí yóò gún un ni à ń sọ. Kí ọ̀dọ́ gún un, kí Màmá jókòó sórí àga gíga kí ó máa bẹ iṣu. Ẹ ra ìgbálẹ̀ elérù gígùn. Ohun tí ó bá wà nílẹ̀, kí ó tẹ orúnkún, kí ẹ̀yìn nà, kí ó sì mú nǹkan náà súnmọ́ àyà kí ó tó dìde. Lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ó kọ́kọ́ yí gbogbo ara sí ẹ̀gbẹ́, kí ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, kí ó wá fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde.

Ní ti eré ìdárayá, kò gba owó. Ẹ gbé àga tí kò ní táyà, tí ó dúró gírígírí, ti ògiri. Kí ó máa dìde kúrò lórí rẹ̀, kí ó tún jókòó jẹ́jẹ́, bíi ìgbà mẹ́wàá. Kí ó di àga mú, kí ó gbé gìgísẹ̀ sókè, kí ó sọ ọ́ kalẹ̀. Kí ó fẹ̀yìn ti ògiri, kí ó gbìyànjú kí èjìká méjèèjì kan án. Kí ó fẹsẹ̀ kan dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan pẹ̀lú ọwọ́ lára àga, kí ẹnìkan sì wà nítòsí. Kí ó rìn káàkiri àdúgbò, ibi tí ó tẹ́jú ni o. Àwọn òkè Adó kì í ṣe ti ẹni tí ẹsẹ̀ ń gbọ̀n. Nínú Ramadan, lẹ́yìn ìṣínu ni ó dára jù, nígbà tí omi ti wọ ara. Ẹni tí egungun rẹ̀ ti kán rí, kí ó kọ́kọ́ bá àwọn physiotherapist sọ̀rọ̀. Wọ́n wà ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó níbí, wọ́n sì wà ní ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì.

Ìrun wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ Màmá ni ó ń sunkún nítorí èyí, wọ́n rò pé ìrun tí kò bá ní ìforíkanlẹ̀ lórí ilẹ̀ kò pé. Imran ọmọ Husayn, tí básúrì ń dà láàmú, bi Òjíṣẹ́ Ọlọ́run léèrè nípa ìrun rẹ̀. Ìdáhùn tí ó gbà, gẹ́gẹ́ bí Bukhari ṣe gbà á wá, ni pé kí ó kírun lórí ìdúró, bí kò bá lè ṣe é, ní ìjókòó, bí ìyẹn náà kò bá ṣeé ṣe, ní ìfẹ̀gbẹ́lélẹ̀. Ẹni tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá gba ìforíkanlẹ̀, kí ó dúró níbi tí agbára rẹ̀ bá gbé e dé, kí ó jókòó sórí àga fún ìyókù, kí ìtẹríba fún ìforíkanlẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ ju ti rúkúù lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú mọ́ṣáláṣí, ẹ yé wo ẹni tí ó jókòó sórí àga ní sáfù bí ọ̀lẹ. Ẹni tí egungun rẹ̀ kò ì tíì burú, tí dókítà kò kọ̀ fún un, kí ó máa dìde kí ó máa wálẹ̀ nínú ìrun rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn títọ́. Àǹfààní wà níbẹ̀ fún ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ibi tí àwọn àgbà ti ń ṣubú jù nínú oṣù yìí ni ìdí àlùwàlá àti ojú ọ̀nà ilé ìdáná ní àsìkò sààrì. Iná ti lọ, ilẹ̀ tutù, ẹní ìkírun ká létí, sálúbàtà ti gbó. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ gbé àga sí ibi àlùwàlá kí wọ́n jókòó wẹ ẹsẹ̀, kí wọ́n sì nu ún gbẹ kí wọ́n tó rìn.

Ẹni tí ó ń lo alendronate, èyí tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ó bi dókítà rẹ̀ léèrè kí ààwẹ̀ tó jìnnà. Inú òfìfo ni à ń lò ó, pẹ̀lú ife omi lásán kan, kì í ṣe tíì tàbí mílíìkì. Ó lè jí ṣáájú sààrì kí ó lò ó, kí ó wà ní ìjókòó tàbí ìdúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó tó jẹun, kí ó má sì dùbúlẹ̀. Aláìsàn tí ààwẹ̀ yóò pa lára sì ní ìyọ̀ǹda nínú Súúrà Al-Baqarah, āyà 185. Nínú oúnjẹ, wàrà, ẹja kéékèèké tí a jẹ tegungun tegungun, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ kò wọ́n jù. Ìyá tí ó ń bo ara rẹ̀ níta lè jókòó sí ẹ̀yìnkùlé tí ojú kò dé, kí ó ṣí apá sí oòrùn.

Ó ku méjì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé gun Màmá lẹ́yìn láti tẹ ibi tí ó ń dùn ún mọ́. A mọ̀ pé ó máa ń tura, ṣùgbọ́n eegun ẹlẹgẹ́ lè fọ́ lábẹ́ gìgísẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́fà. Bí ó bá sì ṣubú, tí ẹsẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ, tí ó yí síta, ẹ má fà á, ẹ má ní kí ó gbìyànjú láti dìde. Ẹ fi ìrọ̀rí há a ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ gbé e lórí pákó tàbí bẹ́ẹ̀dì pẹlẹbẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ tó ronú kan ẹni tí ń to egungun.

Lọ́la, ní déédéé àsìkò yìí, ọ̀rọ̀ lórí sàká ni a ó gbọ́. Was-salaamu alaykum wa rahmatullaah.