Aláǹtakùn olóró: Báwo lẹ ṣe lè dá a mọ̀, kí lẹ sì lè ṣe tí kò fi ní fi ilé yín ṣe ibùgbé?

Èyí ni ọ̀rọ̀ tí akọ̀ròyìn wa bá àwọn ọmọ Yorùbá kan tó ń gbé ní Sabon Gari, nílùú Kano, sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò òjò.



Àwa Yorùbá ní Ìjàpá nínú àlọ́. Àwọn Hausa tí ẹ jọ ń gbé níbí ní Gizo, àwọn Akan ní Ghana sì ní Ananse. Aláǹtakùn ni Gizo àti Ananse, ọgbọ́n àrékérekè wọn sì máa ń pa ọmọdé lẹ́rìn-ín. Àmọ́ tí aláǹtakùn gidi bá sáré kọjá lára ògiri lóru, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹlòmíì á bọ́ bàtà, ẹlòmíì á sáré gbé ike òtápìápìá. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, ike yẹn léwu ju aláǹtakùn náà lọ.

Èwo ló lóró nínú wọn?

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo aláǹtakùn ló lóró. Oró yìí ni wọ́n fi ń pa kòkòrò jẹ. Ẹ̀yà aláǹtakùn tí àwọn onímọ̀ ti kà lágbàáyé lé ní 50,000, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni oró wọn lè ṣe èèyàn ní jàǹbá.

Èyí tó pẹlẹbẹ, tó gùn lẹ́sẹ̀, tó ń sáré lára ògiri lálẹ́, aáyán ló ń dọdẹ. Èyí tó kéré, tó ń fò lójú fèrèsé, eṣinṣin àti ẹ̀fọn ló ń pa jẹ. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú ní kọ̀rọ̀ àjà kì í dá ẹnikẹ́ni láàmú.

Àwọn tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún nìyí:

Àkọ́kọ́ ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Latrodectus geometricus. Ara rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Ó ní àwọ̀ bíi ti ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ní ilà. Lábẹ́ ikùn rẹ̀ ni àmì tó pọ́n bí ọsàn wà, tó fún ní àárín bí ìlù gángan. Àpò ẹyin rẹ̀ rí roboto, ó sì dà bíi pé ẹ̀gún kéékèèké yí i ká. Abẹ́ àga, inú korobá tí wọn ò lò, táyà àtijọ́ àti ẹ̀yìn ìkòkò ló máa ń fara pamọ́ sí. Kì í lé èèyàn. Ìgbà tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ ló ń gé èèyàn jẹ.

Èkejì ni àwọn ńlá onírun. Àwọn kan ń gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀ nínú igbó Nàìjíríà àti Cameroon, àwọn mìíràn sì ń gbé orí ọ̀pẹ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Bí wọ́n bá gé èèyàn jẹ, ó máa ń dùn wọra, ó sì lè mú kí iṣan máa fà. Ẹ kìlọ̀ fún ọmọdé kó má ki igi bọ ihò.

Níhìn-ín ní Àríwá, àkeekèé ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù ju aláǹtakùn lọ, pàápàá tó bá ta ọmọdé.

Kì í ṣe gbogbo egbò ni ti aláǹtakùn

Lásìkò òjò, èèyàn lè jí láàárọ̀ kó rí ilà pupa lọ́rùn, tó ń ta á bí iná, tó sì ń lé ròrò. Àwọn kan á ní aláǹtakùn ló tọ̀ sí àwọn lára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò tín-ín-rín kan ló sábà máa ń fà á, èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà mọ̀ sí champion. Ó pupa, ó sì dúdú láàárín. Kì í ta èèyàn, kì í sì í géni jẹ. Omi ara rẹ̀ ló ń bó awọ nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ pa. Tó bá bà lé yín, ẹ fẹ́ ẹ dànù, kí ẹ fi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀.

Kí lẹ lè ṣe nílé?

Ibi tí oúnjẹ bá wà ni aláǹtakùn ń lọ. Iná tó ń tàn lẹ́nu ọ̀nà ló ń pe kòkòrò, kòkòrò ló sì ń pe aláǹtakùn àti champion. Ẹ pa iná ìta tí ẹ ò bá lò ó. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé, kí ẹ fi sìmẹ́ńtì dí ihò ògiri. Ẹ máa gbá jàǹkáríwọ̀, títí kan abẹ́ àga. Ẹ kó búlọ́ọ̀kù àti pákó jìnnà sí ilé. Ẹ fa bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri, kí ẹ sì gbọn bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Ní ti òtápìápìá, májèlé dichlorvos, tó tún wà nínú Sniper, ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ó ń gba imú àti awọ ara wọlé, ó sì ń ba iṣẹ́ iṣan jẹ́, títí èèyàn ò fi ní lè mí dáadáa. Lọ́dún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa èyí tó wà nínú ike kékeré, nítorí àwọn tó ń tipa rẹ̀ kú. Síbẹ̀, àwọn kan ń fọ́n ọn sí yàrá, wọ́n sì ń sùn síbẹ̀. Àwọn mìíràn ń rọ ọ́ sínú ike ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, ọmọ á sì gbé e mu. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì fipá mú un bì. Ẹ gbé òun àti ike náà lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Bí aláǹtakùn bá géni jẹ ńkọ́?

Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, kí ẹ fi aṣọ tí ẹ rì sínú omi tútù lé e. Ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má fẹnu fa á, ẹ má sì fi okùn dì í pinpin. Bí ìrora bá ń tàn káàkiri, tí iṣan ń fà, tí òógùn ń bò ó, tí èébì ń gbé e tàbí tí kò lè mí dáadáa, ilé ìwòsàn ló kàn. Tó bá jẹ́ ọmọdé, ẹ má dúró wò ó rárá. Bí ẹ bá lè fi fóònù ya àwòrán kòkòrò náà láìfọwọ́ kàn án, ẹ fi han dókítà.

Lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ yẹ abẹ́ àga wò, kí ẹ sì wo ibi tí ọwọ́ ọmọ yín lè dé tí ike májèlé wà. Ẹ kọ́kọ́ gbé ike náà kúrò, kí ẹ tó mú ìgbálẹ̀.