Oníṣègùn Igi Kòkó
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn àgbẹ̀ kòkó sọ

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí jẹ mọ́ iṣẹ́ ẹni tí ń fi ọ̀bẹ wo igi sàn. Bí ara ènìyàn kò bá le, ó lè tọ oníṣègùn lọ. Ṣùgbọ́n igi kò ní ẹsẹ̀. Ibi tí ó dúró sí ni àrùn ti ń bá a, ibẹ̀ náà ni oníṣègùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá bá a. Ní ìlú òyìnbó àwọn kan wà tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ yìí, tí wọ́n sì fi ń jẹun. Ní oko kòkó, àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ni oníṣègùn. Ohun tí ó yẹ kí olúkúlùkù wa bi ara rẹ̀ ni èyí: ṣé ọgbẹ́ igi ni mo ń wò sàn ni, tàbí mo ń dá ọgbẹ́ kún ọgbẹ́?

Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé èmi náà ti dá irú ọgbẹ́ náà rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, tí mo rò pé ìwé tí mo kà ti tó, mo lọ sí oko bàbá àgbà kan. Àfòmọ́ ti bo ẹ̀ka ńlá kan lára igi tí ó máa ń so jù ní oko náà. Mo gba àdá, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí gé ẹ̀ka náà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Kí n tó gé e dé ìdajì, ó ya, ó sì bó èèpo igi náà lọ títí dé ìtòsí ilẹ̀. Bàbá náà kò bínú. Ó wo igi, ó wò mí, ó ní, “Tísà, bí ó bá ṣe pé ìka mi ni ó ń jẹrà, ṣé báyìí ni ìwọ ì bá ṣe gé e?” N kò rí èsì fọ̀. Kí ọdún méjì tó pé, inú igi náà ti rà, afẹ́fẹ́ sì wó o. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ iṣẹ́ yìí ní tòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé oníṣègùn rere kan lọ sí oko láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Kí ó tó kúrò nílé, ó ti pọ́n àdá rẹ̀, ó ti yẹ eyín ayùn rẹ̀ wò, ó sì ti so ọ̀bẹ gọ̀gọ̀ rẹ̀ le dáadáa. Àdá tí kò mú kì í gé èèpo igi, ńṣe ni ó ń fọ́ ọ, èèpo tí ó sì fọ́ ni àrùn ń gbà wọlé. Nígbà tí ó bá dé ìdí igi, kì í yára gé nǹkan. Yóò yí igi náà po, yóò wò ó láti ìdí dé orí. Níbo ni ó ti kú? Níbo ni òkùnkùn ti pọ̀ jù? Ẹ̀ka wo ni ó ń gun èkejì? Ojú ni ó ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, kí ọwọ́ tó tẹ̀lé e.

Èkínní, yóò mú èéhù kúrò. Kòkó tí a fi irúgbìn gbìn máa ń lọ sókè ṣánṣán. Nígbà tí ó bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà 4 tàbí 5, yóò pín sí ẹ̀ka 3 sí 5. Lẹ́yìn èyí, èéhù a máa yọ lábẹ́ oríta náà, wọn a sì máa jẹ oúnjẹ tí ó yẹ kí ó lọ sínú èso. Nígbà tí wọ́n bá ṣì rọ̀, ọwọ́ lásán ni a fi ń ṣẹ́ wọn. Àwọn àgbà sọ pé àti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ṣùgbọ́n bí ìyá igi bá ti ń kú lọ, ẹ fi èéhù kan ṣoṣo tí ó lágbára nítòsí ilẹ̀ sílẹ̀, kí ó lè rọ́pò rẹ̀.

Èkejì, yóò dojú kọ àfòmọ́. Ẹ mọ̀ pé àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ni ó ń bá tan. Ẹyẹ ni ó ń jẹ èso rẹ̀, tí ó sì ń fi hóró inú rẹ̀ tí ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka mìíràn. Ẹni tí ó bá fa ewé àfòmọ́ já lásán kò ì ṣe nǹkan kan, nítorí pé ìdí rẹ̀ ṣì wà nínú ẹran ara igi, yóò sì tún hù. Ẹ gé ẹ̀ka náà kúrò ní ìsàlẹ̀ ibi tí àfòmọ́ ti wọ̀ ọ́ lára, kí ó tó so èso. Oko tí a kò bá gé e ni ó ń kó o ran oko aládùúgbò.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ̀ka ńlá bá wà tí a ní láti gé, ẹ má ṣe bí mo ti ṣe. Ẹ kọ́kọ́ fi ayùn gé e díẹ̀ láti abẹ́, kí ó jìnnà díẹ̀ sí ara igi. Lẹ́yìn náà ẹ gé e láti òkè, níwájú ojú àkọ́gé náà, títí yóò fi já. Níkẹyìn, ẹ gé kùkùté tí ó kù kúrò. Ẹ má ṣe fi kùkùté gígùn sílẹ̀ tí yóò jẹrà; ẹ má sì ṣe gé e wọ inú ara igi. Ẹ ó rí i pé ìdí ẹ̀ka wú díẹ̀ bí ọrùn aṣọ. Iwájú ọrùn yìí gan-an ni kí ọ̀bẹ ti kọjá.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ọgbẹ́ igi kì í san bí ọgbẹ́ ènìyàn. Alex Shigo, onímọ̀ igi ará Amẹ́ríkà, fi hàn nínú ìwé tí òun àti ẹnìkan tẹ̀ jáde ní 1977 pé igi kì í tún ibi tí ó bàjẹ́ ṣe: odi ni ó ń mọ yí i ká, kí ìjẹrà má bàa tàn kálẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò hu igi tuntun bò ó. Ọrùn ẹ̀ka náà ni ó ń mọ odi yìí. Ẹni tí ó bá gé e kúrò ti gba ohun ìjà lọ́wọ́ igi. Àwọn baba wa máa ń fi ọ̀dà kun ojú ọgbẹ́. A ti wá mọ̀ pé ọ̀dà kì í dá ìjẹrà dúró. Ọgbẹ́ tí ojú rẹ̀ dán, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ sí, sàn jù ú lọ.

Ẹ̀kẹrin, yóò tọ́jú ojú èso. Ojú kan náà lára igi ni ìtànná kòkó ti máa ń yọ léraléra. Ẹni tí ó bá ń fi ọwọ́ lọ́ èso já, tàbí tí ó ń gun igi, ń ba ojú yìí jẹ́, ó sì ń gé èso ọdún tí ń bọ̀ dànù. Ọ̀bẹ ni kí a fi gé e ní ọrùn. Ní àkókò òjò, kí a máa já gbogbo èso tí ó ti dúdú, nítorí pé òjò tí ń ta sílẹ̀ lára wọn ni ó ń gbé àrùn náà lọ bá èyí tí ara rẹ̀ dá.

Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ bá dé, oníṣègùn wa yóò nu àdá rẹ̀, yóò sì fi òróró díẹ̀ pa á. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bẹ tí iṣẹ́ rẹ̀ máa ń korò. Èyí ni ọjọ́ tí ó bá rí àrùn wíwú ẹ̀ka: ẹ̀ka tàbí èéhù wú kókó, iṣan ewé ọ̀dọ́ pọ́n, èso sì kéré, ó rí róbótó. Ní 1936 ni ìròyìn rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana láti 1957. Ní 1944 a rí i ní Nàìjíríà. Kòkòrò kéékèèké funfun tí ó dà bí ẹni pé a da ìyẹ̀fun lé lórí, tí èèrà ń sìn, ni ó ń gbé e láti igi dé igi. Kò sí ọ̀bẹ tí ó lè wo igi náà sàn. Gígé e pẹ̀lú àwọn igi tí ó fara kàn án ni ọ̀nà tí a ní láti gba ìyókù là.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ń dunni. Nígbà tí ìjọba ń fi agbára gé irú igi bẹ́ẹ̀ ní Gold Coast, igi tí èso ṣì wà lára rẹ̀, ìbínú àwọn àgbẹ̀ wà lára ohun tí ó fa rúkèrúdò ọdún 1948. Wọn kò ṣe òmùgọ̀. Ta ni yóò rí oúnjẹ ọmọ rẹ̀ lórí igi, tí yóò sì yọ̀ pé a ń gé e? Síbẹ̀, àrùn kò dúró de ìbínú wa. Igi kan tí a fẹ́ràn tí a dá sí lè pa ọgọ́rùn-ún.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ máa wò kí ẹ tó gé. Bí ẹ bá sì ti rí ohun tí ó yẹ ní gígé, ẹ má fòyà. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí olúkúlùkù wa lọ sí ìdí igi mẹ́wàá péré, kí ó yí wọn po, kí ó sì wo orí wọn. Bàbá tí mo ba igi rẹ̀ jẹ́ ṣì fún mi ní igi mìíràn láti gé. Mo gé ìyẹn láti abẹ́ wá.