Bí A Bá Fura Pé Wọ́n Ń Fìyà Jẹ Àgbà
Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ìtọ́jú Ọmọ Ẹgbẹ́ bá ìpàdé gbogboogbò sọ ní Douala

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kò dùn-ún sọ, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbé mì.

Àwọn òbí tí ó ṣòwò ní New Bell àti ní Mboppi láti fi tọ́ wa ti di arúgbó. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kò pọ̀ ní ìlú yìí. Ọ̀pọ̀ wọn wà nínú yàrá wọn, lọ́wọ́ ìbátan tàbí ẹni tí à ń san owó oṣù fún. Ibi yòówù kí àgbà wà, ilẹ̀kùn wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn sì ṣeé tì. Àfi ẹni tí ó bá wọlé ni yóò mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Yorùbá ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òwe yìí kan náà ni à ń sá sábẹ́ rẹ̀ nígbà tí a bá rí ohun tí kò dára. Àgbà tí kò lè dìde ni ó sì ń jìyà ìdákẹ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ṣe iṣẹ́ títọ́jú arúgbó. Wọ́n ṣí ilé kan tí ó ń jẹ́ Orchid View ní West Sussex ní 2009. Ní 2010, àjọ ìjọba tí ń bẹ irú ilé bẹ́ẹ̀ wò sọ pé ó dára. Obìnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì níbẹ̀ wá rí i pé wọ́n fún ìyá arúgbó kan ní oògùn ju bó ti yẹ lọ. Ó ní wọ́n sọ pé kí òun ba ìwé àkọsílẹ̀ oògùn náà jẹ́. Ó pe ọlọ́pàá. Wọ́n ti ilé náà pa ní 2011. Ní oṣù kẹwàá 2013, adájọ́ tí ó wádìí ikú arúgbó 19 tí ó ti gbé ibẹ̀ sọ pé kò sí ọ̀kan tí ìtọ́jú rẹ̀ péye, àti pé àìbìkítà wà lára ohun tí ó pa àwọn 5. Àjọ ìjọba kò rí i. Ẹni tí ó wà nínú ilé ni ó rí i, tí kò sì dákẹ́.

Kí ni kí á máa wò? Egbò ẹ̀yìn àti ti ìdí tí ìdùbúlẹ̀ lójú kan ń fà. Ara tí ó ń rù láìnídìí. Ètè gbígbẹ. Aṣọ tí ìtọ̀ ti gbẹ sí. Ojú okùn ní ọrùn ọwọ́. Àgbà tí ó ń sùn ṣáá láti ìgbà tí olùtọ́jú tuntun dé, tàbí tí ó ń dákẹ́ bí ẹnì kan bá wọlé. Ẹ má gbàgbé pé awọ arúgbó máa ń tètè bó, àmì kan ṣoṣo kò tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ìfura ni tiwa. Ìwádìí ni yóò sọ òótọ́.

Ọ̀kan tún kan àwa àlejò. Bí iyè àgbà bá ń ra, èdè tí ó kọ́ lágbà ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Bàbá tí ó fi Faransé ta ọjà fún 40 ọdún lè má lè fi í sọ mọ́ pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Ẹ bá wọn sọ Yorùbá, kí olùtọ́jú má sí níbẹ̀.

Bí ìfura bá wà, ẹ má lọ jà. Àkọ́kọ́, bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, ilé ìwòsàn ló kàn. 119 ni nọ́ńbà SAMU. Èkejì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, aago, ohun tí ẹ fojú rí, ọ̀rọ̀ tí àgbà fẹnu ara rẹ̀ sọ. Ẹ má fi àgbọ́sọ kún un. Ẹ̀kẹta, ẹ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ dókítà. Ẹ̀kẹrin, bí ó bá jẹ́ ilé ìtọ́jú, ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá ibẹ̀, kí wọ́n sì bu ọwọ́ lu ẹ̀dà tí ẹ ó mú lọ. Bí ó bá jẹ́ inú ilé, ẹ lọ sí centre social àdúgbò yín. Ọlọ́pàá ni 117, gendarmerie ni 113. Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Kamẹrúùnù ni 1523, ọ̀fẹ́ sì ni.

Àwọn kan ní àlejò kì í pe ọlọ́pàá. Òfin ìwà ọ̀daràn Kamẹrúùnù ti 2016 kan gbogbo ẹni tí ó wà nílẹ̀ yìí. Abala 283 sọ pé bí a bá lè ran ẹni tí ikú tàbí ìpalára ńlá ń bọ̀ wá bá lọ́wọ́, fúnra wa tàbí nípa pípe ìrànlọ́wọ́, láìsí ewu fún ẹnikẹ́ni, tí a kò ṣe é, ẹ̀wọ̀n oṣù 1 sí ọdún 3 wà níbẹ̀, tàbí owó ìtanràn. Ìdákẹ́ náà lè di ẹjọ́.

Èyí tí ó le jù ni bí ó bá jẹ́ ọmọ tàbí ìyàwó ilé ni a fura sí. Ẹ fi tó ẹgbẹ́ létí, a ó bá ẹbí jókòó. Ṣùgbọ́n bí egbò bá ti wà lára, ìjókòó kò gbọdọ̀ dí dókítà lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà lókè òkun, owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ kò lójú, olùtọ́jú ni ó sì ń di fóònù mú nígbà tí ẹ bá pe ìyá yín.

Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ ẹgbẹ́ pé kí ẹni méjì-méjì máa bẹ àwọn àgbà wa wò lóṣooṣù, láìdá ọjọ́. Bí ọ̀kan bá rí nǹkan, èkejì á jẹ́rìí.

Òkété tí ó bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí ọmú tiwa gbẹ, kí ó sì fún wa ní ẹni tí yóò wò wá lójú ní ọjọ́ alẹ́. Àmín.