Ìtọ́jú àti Ìdàgbà Ọmọ tí a bí ní Kékeré

Àwa Yorùbá tí a ń gbé ní Ashanti New Town ní Kumasi mọ̀ pé bí a bá bí ọmọ tí kò tó kílò 2, ìpayà ni í kọ́kọ́ wọ ilé. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni a máa ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, bí ẹni pé àlejò tí yóò padà lọ́la ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ó ń yè, tí ó sì ń dàgbà, bí a bá tọ́jú wọn bí ó ti yẹ.

Ní 1978, ní ìlú Bogotá ní ilẹ̀ Colombia, àpótí ìmóoru kò tó fún àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Nítorí náà ni oníṣègùn kan, Edgar Rey, fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ sí àyà ìyá rẹ̀, ara kan ara, kí ooru ìyá lè máa mú un móoru. Wọ́n fi orúkọ ẹranko kangaroo pe ìtọ́jú náà, nítorí pé inú àpò ikùn ni ẹranko yìí í gbé ọmọ rẹ̀ sí. Ọ̀já tiwa kò jìnnà sí i, àfi pé iwájú ni a yí ọmọ sí.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn oníṣègùn a máa dúró kí ara ọmọ kọ́kọ́ balẹ̀ kí wọ́n tó gbé e fún ìyá. Láti 2017 ni wọ́n dán èyí wò ní ilé ìwòsàn márùn-ún ní Ghana, Nàìjíríà, Malawi, Tanzania àti India. Komfo Anokye ní Kumasi tiwa ni ti Ghana. Ilé-Ifẹ̀ ni ti Nàìjíríà. Ẹ kò lè mọ bí ó ti dùn mọ́ wa tó pé ilé ìyá wa àti ilé àtìpó wa pàdé nínú iṣẹ́ kan náà! Ọmọ 3,211 ni wọ́n tọ́jú, tí ìwọ̀n wọn bẹ̀rẹ̀ láti kílò 1, tí kò sì dé 1.8. Nínú 100 àwọn tí a gbé sáyà láìdúró, 12 ni ó kú láàárín ọjọ́ 28. Nínú 100 àwọn yòókù, ó súnmọ́ 16. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró ṣáájú àkókò, nítorí kò tọ́ mọ́ kí a fi àǹfààní náà du ọmọ kankan. Ní 2021 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde.

Ní ti ìdàgbà, ẹ má ṣe fi ọmọ náà wé ọmọ aládùúgbò. Ọmọ tí a bí ní oṣù 2 ṣáájú àkókò, bí ó bá pé oṣù 6, ọmọ oṣù 4 ni kí a kà á sí. Bẹ́ẹ̀ ni kí a máa kà á títí yóò fi pé ọdún 2. Omi ọmú ni oúnjẹ rẹ̀. Bí kò bá tíì lè fà á, kí a fún un sínú ife mímọ́, kí a sì fi bọ́ ọ bí nọ́ọ̀sì bá ti kọ́ wa. Omi àti àgbo kò sí fún un ní oṣù 6 àkọ́kọ́, ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ dákun. Kí a sì máa gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n ní ọjọ́ tí a dá fún wa.

Àwọn ìyá inú ìwádìí yẹn gbé ọmọ sáyà fún nǹkan bíi wákàtí 17 lójúmọ́. Obìnrin tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò lè dáná, kò sì lè lọ sí ọjà. Nígbà tí ó bá fẹ́ wẹ̀ tàbí kí ó sinmi, ìyá ọkọ lè gba ọmọ sáyà. Baba ọmọ pàápàá lè bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, kí ó sì gbà á.