Madina ní Accra: Kí ni ilé ìjọsìn lè ṣe fún àjèjì?

Bí ẹ bá dúró sí ibùdókọ̀ Circle ní Accra, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ohùn àwọn tó ń pe èrò sínú trotro: "Madina! Madina! Adenta!" Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, nítorí náà ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí orúkọ yìí ti wá.

Ọdún 1959 ni wọ́n tẹ Madina dó. Alhaji Seidu Kardo ló ṣáájú àwọn tó kọ́kọ́ kó lọ síbẹ̀. Shiashie, nítòsí Yunifásítì tó wà ní Legon, ni wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀ kí ó tó di dandan fún wọn láti kúrò. Àwọn ará La tó ni ilẹ̀ ló fún wọn ní ibi tuntun. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n sì mọ ìtàn ẹ̀sìn wọn dáadáa. Medina ni Ànábì Muhammad lọ ní ọdún 622 nígbà tí ará Mẹ́kà kò jẹ́ kó gbádùn mọ́. Ibẹ̀ ni àwọn onílé ti pín ilé àti oúnjẹ wọn fún àwọn tó bá a rìnrìn àjò. Ṣáájú ìgbà yẹn pàápàá, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kan ti sá lọ sí Abyssinia, ọba tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì níbẹ̀ sì kọ̀ láti fà wọ́n lé àwọn tó ń lépa wọn lọ́wọ́.

Ìlú tí àjèjì fi ìtàn àjèjì sọ lórúkọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́wàá péré lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ yí padà.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó fi Ghana sílẹ̀. Àwọn Yorùbá tí àṣẹ náà bá kì í ṣe àlejò àná. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀jìgbò, Ìnísà, Ọ̀fà àti Ṣakí ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n bí ọmọ wọn sí, tí wọ́n sì sọ wọ́n ní Kofi àti Ama. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó láti gba owó ọjà àwìn padà lọ́wọ́ oníbàárà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé èèyàn fẹ́ ta ilé.

Ó kan ilé ìjọsìn náà. Àwọn oníṣòwò Yorùbá wà lára àwọn tó gbé ìjọ Baptist dé ọ̀pọ̀ ìlú ní Ghana. Nígbà tí wọ́n di ẹrù wọn, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo tán.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fi èyí bú ará Ghana. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kínní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari ní Nàìjíríà náà lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé. Àwọn ọmọ Ghana tó bá a lọ lé ní mílíọ̀nù kan, àpò tí wọ́n fi kó ẹrù sì ń jẹ́ Ghana Must Go títí dòní. Póòpù John Paul Kejì bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti ń lọ nígbà tó sọ̀rọ̀.

Èyí ni ìṣòro tó wà nínú iṣẹ́ àwọn olórí ẹ̀sìn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lórí àlàáfíà láàárín ẹ̀sìn, Ghana gbìyànjú. Òfin 818 ti ọdún 2011 dá Ìgbìmọ̀ Àlàáfíà Orílẹ̀-èdè sílẹ̀, ó ní ọmọ ẹgbẹ́ 13, ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn sì ni púpọ̀ wọn ti wá: Kátólíìkì, Pẹntikọ́sì, Tijaniyya, Ahmadiyya, títí kan àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ Àjíǹde ọdún 2019, Sheikh Osmanu Nuhu Sharubutu, Ìmáàmù Àgbà Ghana, lọ jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì Christ the King ní Accra nígbà tó ń pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn kan yìn ín, àwọn mìíràn bínú.

Àmọ́ kí Ìmáàmù àti Fadá jọ jókòó kò ní kí wọ́n má ti ṣọ́ọ̀bù àjèjì pa. Ní ìparí ọdún yẹn kan náà, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà pa ní Circle. Òfin 865 ti ọdún 2013 ni àwọn tó tì í dì mú: ó ní ọmọ Ghana nìkan ló lè tajà nínú ọjà àti ní ìsọ̀, àti pé àjèjì tó bá fẹ́ ṣe káràkátà gbọ́dọ̀ mú mílíọ̀nù kan dọ́là wá, kó sì gba ọmọ Ghana 20 síṣẹ́. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ní tiwọn ń dárúkọ ECOWAS. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé ohun tí àdéhùn ọdún 1979 kọ́kọ́ ṣí sílẹ̀ ni ẹnu ibodè, pé kí èèyàn wọlé fún 90 ọjọ́ láìsí físà. Ẹ̀tọ́ láti máa gbé àti láti dá òwò sílẹ̀ ní ìlànà tiwọn. Àlejò lójú, kò fi ríran.

Ní òpin oṣù Keje ọdún 2025, àwọn kan tún jáde ní Accra pé kí ọmọ Nàìjíríà máa lọ. Ààrẹ John Mahama ní kò sí àyè fún irú ìkórìíra bẹ́ẹ̀. Ó dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ààrẹ kì í ṣe ìwé ìgbélùú.

Ní Madina, ọjọ́ Jímọ̀ àti ọjọ́ Àìkú ni onílé àti àjèjì máa ń jókòó papọ̀ tí kò sí ẹni tó ń béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnìkejì. Ìwàásù nípa ìfẹ́ kò wọ́n níbẹ̀. Ohun tó kù ni kí ẹnìkan dìde lẹ́yìn àdúrà, kó mú bírò àti ìwé, kó béèrè pé: ta ló ti gba káàdì àjèjì, ta ni kò tíì gbà, ta ni ìwé rẹ̀ fẹ́ parí lóṣù yìí?