Ọmọ Tí Ń Wá Ẹni Tí Yóò Kà Á Sí

Fíìmù kan ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, Quadrophenia, èyí tí Franc Roddam darí rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1979. Inú àwo orin tí ẹgbẹ́ olórin The Who gbé jáde ní 1973 ni wọ́n ti mú ìtàn rẹ̀.

Ọdún 1964 ni ìtàn náà wáyé. Jimmy, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń pín lẹ́tà ní ọ́fíìsì kan ní London, wà nínú ẹgbẹ́ tí à ń pè ní Mods. Aṣọ wọn a máa gún régé, wọn a máa gun alùpùpù Vespa àti Lambretta, wọ́n sì fẹ́ràn orin àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà. Àwọn Rockers ni ọ̀tá wọn. Ẹgbẹ́ méjèèjì jà ní etíkun Brighton, gẹ́gẹ́ bí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ ní oṣù karùn-ún ọdún náà.

Jimmy kò fẹ́ dà bí ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ irú aṣọ kan náà ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọ̀. Ẹni tí yóò kà á sí ni ó ń wá. Ìyá rẹ̀ rí oògùn olóró tí ó fi pamọ́, ó sì lé e jáde nílé. Ó padà sí Brighton, ó sì bá akọni tí gbogbo wọn ń wárí fún níbi tí ó ti ń gbé ẹrù àlejò wọ hòtẹ́ẹ̀lì. Ọkàn rẹ̀ dàrú. Kò tíì rí àgbà tí yóò sọ fún un pé ènìyàn lè gbé ẹrù kí ó sì níyì. Ó jí alùpùpù ọkùnrin náà gbé, ó gùn ún lọ sí bèbè òkè gíga létí òkun, alùpùpù náà sì já sórí àpáta. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà ti fi Jimmy hàn wá, tí ó ń rìn bọ̀ láti bèbè náà. Alùpùpù ló fọ́, ọmọ kò kú. Ibo ni yóò wá lọ?

Ẹ̀yin òbí tí ń gbé ìdálẹ̀, ọmọ yín kò ní ìyá àgbà nítòsí tí ó lè sá tọ̀ nígbà tí ilé bá gbóná. Bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ìgboro nìkan ló kù. N kò ní kí ẹ gba oògùn olóró láàyè. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi ti òsì fà á mọ́ra. Lálẹ́ òní, kí ẹ tó ní kí ó pa orin rẹ̀, ẹ jókòó tì í, kí ẹ bi í ní ohun tí orin náà ń sọ fún un. Kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.

Ó dàárọ̀ o.