Dòdò Ìkirè ní Òkè Òkun: Ohun Tó Ṣeé Pààrọ̀ àti Èyí Tí Kò Ṣeé Pààrọ̀

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi àjọyọ̀ ọdún kẹwàá

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó mú wa rí òní. Àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò sí láàárín wa mọ́, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí Alukoro wá sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ yín rò pé ìròyìn owó àti iṣẹ́ àkànṣe la máa kà. Ìyẹn wà lójú ewé mìíràn nínú ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ la fẹ́ sọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọ̀rọ̀ náà dójú tì wá kí ó tó di ohun tí a lè rò fún yín lónìí.

Ní ọdún tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń gbé ní Houston, ní Amẹ́ríkà, fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Ó ní wọ́n sọ fún ọmọ òun obìnrin kí ó gbé oúnjẹ ìlú bàbá rẹ̀ wá sí ilé ìwé. Àwọn ọmọ Nàìjíríà yòókù ti sọ pé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù làwọn máa gbé, òun sì fẹ́ kí tiwa yàtọ̀. Ó wá bi wá pé, "Ẹ̀yin ará ilé, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe dòdò Ìkirè?"

Ẹ̀yin èèyàn wa, gbogbo wa dákẹ́. Àwa tí a ti lé ní ogójì ọdún, tí a ti ń jẹ dòdò Ìkirè kí a tó mọ̀wé kà, kò sí ẹni tó lè dáhùn. Ẹnì kan ní wọ́n máa ń gún un kí wọ́n tó dín in. Ẹnì kejì ní rárá, ìgbà tí wọ́n bá dín in tán ni. Ẹnì kẹta ní kí a dúró kí òun bi ìyàwó òun, ọmọ Ìjẹ̀bú sì ni ìyàwó ọ̀hún. Ọ̀rẹ́ wa kò lè dúró. Ó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n, ó dín in nínú òróró, ó bu ata lé e. Ọmọ gbé e lọ. Nígbà tó dé, ó ní, "Dádì, wọ́n ní dòdò tí gbogbo èèyàn ń jẹ nìyí."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Dòdò lásán ni. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ kọjá ní Ìkirè mọ èyí tí a ń wí. Òun ni èyí tó dúdú, tí wọ́n mọ roboto, tó ń ta lẹ́nu, tó sì ń dùn lẹ́ẹ̀kan náà. Inú ewé ni wọ́n ń dì í sí nígbà kan, ọ̀rá ló kù báyìí. Ìtàn tí wọ́n ń sọ fún wa ni pé ìyá àgbàlagbà kan tí kò ní nǹkan mìíràn nílé ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà ló fi epo, ata àti iyọ̀ sọ ọ́ di oúnjẹ. Ohun tí ẹlòmíràn ìbá dà nù ló di orúkọ ìlú.

A pinnu pé a ò ní jẹ́ kí ojú tì wá lẹ́ẹ̀kejì. Àwa mélòó kan dìde, a lọ sí ilé ìyá tí a máa ń ra tiwọn nígbà tí a wà nílé ìwé. Wọ́n ti kú. Ọmọ wọn obìnrin ló jókòó síwájú ilé, ó ń ta káàdì ìpè. A bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ní, "Màámi kò jẹ́ kí n dúró nídìí iná. Wọ́n ní kí n lọ kàwé." A ò rí nǹkan kan sọ. Èwo nínú wa ni ìyá rẹ̀ kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún?

Àpòmù la ti rí ìyá mìíràn tó gbà láti kọ́ wa. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọn nǹkan, nítorí náà a gbé ṣíbí lọ, gbogbo ohun tí wọ́n bá bù la kọ́kọ́ ń wọ̀n. Ohun tí a kọ sílẹ̀ rèé.

Ẹ wá ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà 6 tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, tó rọ̀ tí ìka ń wọ inú rẹ̀. Ẹ bó o, ẹ gé e wẹ́wẹ́. Ẹ bu ata gbígbẹ lílọ̀ ṣíbí tíì 2 àti iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí sí i, kí ẹ rọra pò ó pọ̀. Ẹ gbé epo pupa kaná, kí ó pọ̀ tó láti bo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ má jẹ́ kí ó yọ́ di funfun. Iná kò gbọdọ̀ pọ̀ jù. Bí epo bá gbóná jù, ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ á jó nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù, á sì korò. Ẹ máa rò ó kí ó má lẹ̀ mọ́ ìdí agbada. Bí ó bá pupa, ẹ má tíì gbé e. Ó di ìgbà tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Ẹ dà á sínú asẹ́ kí epo ro kúrò. Nígbà tó bá ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fi ọmọ odó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí ó lè lẹ̀ mọ́ra, kí ẹ wá fi abọ́ kékeré mọ ọ́n. Bí ó bá tutù tán, ó ti dì.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ jiyàn lórí WhatsApp, lẹ́yìn dídín ni títẹ̀. Ẹ lọ parí ìjà.

A fi èyí ránṣẹ́ sí Houston. Ọ̀rẹ́ wa ní òun dúpẹ́, ṣùgbọ́n níbo ni òun ti fẹ́ rí odó? Níbo ni ewé wà? Ilé ìtajà ńlá tó wà nítòsí òun, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù ló wà níbẹ̀. Bí òun bá sì ti gbé epo pupa kaná, àlááàmù èéfín á máa ké.

Aládùúgbò rẹ̀ ló là á lójú. Obìnrin náà wá láti erékùṣù Hawaii, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kalua sì ni oúnjẹ ìlú tirẹ̀. Ẹ̀yin Alhájì inú ẹgbẹ́ wa, ẹ fọkàn balẹ̀, a ò gbé e wá sórí tábìlì. Ní ìlú wọn, ihò ni wọ́n ń gbẹ́ sílẹ̀, wọ́n á fi igi dáná sí i, wọ́n á kó òkúta gbígbóná sí i. Wọ́n á fi iyọ̀ pa ẹran lára, wọ́n á fi ewé ti àti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, wọ́n á wá da yẹ̀pẹ̀ lé e fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ta ló máa gbẹ́ ihò sínú ilé tó rẹ́ǹtì? Obìnrin yìí ń fi èjìká ẹlẹ́dẹ̀ ṣe é nínú ófùn. Ó ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti dì, tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀ àwọn ará Éṣíà, wé e, ó sì ń kán omi èéfín inú ìgò sí i. Ó ní àwọn kan ń lo tòlótòló dípò ẹlẹ́dẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí iyọ̀, tí kò sí èéfín, tí ẹ kò sì se é pẹ́ títí ó fi ń fàya, ẹ kò se kalua.

Ọ̀rọ̀ yìí la gbé wá sílé. A padà lọ bi ìyá ní Àpòmù pé kí ni a lè pààrọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ewé kì í ṣe dòdò, ẹ dì í sínú ohun tó bá wù yín. Odó náà, ìdí ife lè tẹ̀ ẹ́. Ata, bí ó bá ti ń ta, ata ni. Ṣùgbọ́n epo pupa àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti dúdú, wọ́n ní ẹni tó bá pààrọ̀ ọ̀kan nínú méjèèjì, kí ó wá orúkọ mìíràn fún un.

Epo kò ṣòro ní Houston, ó wà ní ìsọ̀ àwọn ará wa. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ṣòro. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní Peckham tàbí níbikíbi, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú fíríìjì. Òtútù ń sọ èèpo di dúdú nígbà tí inú kò tíì dùn. Kí wọ́n fi sínú àpò bébà pẹ̀lú èso ápù tó pọ́n, kí wọ́n gbé e síbi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, kí wọ́n sì ní sùúrù títí sítáàṣì inú rẹ̀ á fi di ṣúgà. Ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n lọ sí ìsọ̀ àwọn ará Mẹ́síkò àti Kúbà, àwọn náà ń jẹ èyí tó dúdú. Kí wọ́n ṣí fèrèsé kí wọ́n tó dáná.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síbi ọdún kẹwàá. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Bràsíìlì kò gbàgbé epo pupa. Dendê ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, inú rẹ̀ sì ni wọ́n ti ń dín àkàrà, tí wọ́n ń pè ní acarajé, títí dòní. Ní 2005, ìjọba Bràsíìlì kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń dín in sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn. Àwa tí ẹnikẹ́ni kò kó lọ, tí a wà nílé, ta ló kọ tiwa sílẹ̀?

Iṣẹ́ báńkì tí a ń ṣe ti kọ́ wa pé ohun tí a kò bá kọ, ìjà ló ń dà. Àwọn ará Àpòmù mọ èyí jù wá lọ. Ìwé ìtàn tí àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé àríyànjiyàn lórí iye ataare tí wọ́n kà fún oníbàárà ní ọjà Àpòmù wà lára ohun tó fa ogun Òwu. Ataare o!

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ kan la ní. Kí ó tó di ìpàdé ọdún tó ń bọ̀, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jókòó ti ìyá rẹ̀, tàbí ìyá àdúgbò rẹ̀, kí ó kọ oúnjẹ kan sílẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n, kí ó sì bi wọ́n léèrè ohun tí kò ṣeé pààrọ̀. A ó kó gbogbo rẹ̀ jọ. Ẹ má sọ pé ó di ọ̀la. Ilé ìyá àkọ́kọ́ tí a lọ, a pẹ́ kí a tó dé ibẹ̀.

Ọ̀rẹ́ wa tún dòdò náà ṣe. Ó gbé fóònù sí i kí ìyá rẹ̀ ní Ìkirè lè wò ó. Ìyá wò ó títí, wọ́n ní, "Ó dúdú tó. Mímọ rẹ̀ ló ku díẹ̀ káàtó." Ọmọbìnrin náà ti jẹ méjì kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán.

Ẹgbẹ́ wa kò ní tú. Àṣèyí ṣàmọ́dún. Bí àwọn tó ń gbé àwo bá ti dé ọ̀dọ̀ yín, èyí tó dúdú tó wà nínú ewé yẹn, ẹ má ṣe bi wá ohun tó jẹ́. Ọwọ́ ìyá wa ní Àpòmù ló ti wá.